Kírẹ́díìtì Mẹ́fà

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Ṣẹ́rẹ́

Òtútù yìí ti kọjá àwàdà. Yìnyín bo gíláàsì gbogbo ọkọ̀ tó wà ládùúgbò wa ní Longbridge. Bàbá Tiwa, ọkọ mi, fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ha tirẹ̀ kó tó lè jáde lọ síbi iṣẹ́. Èmi fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀.

Victoria, olùkọ́ tó ń darí kọ́ọ̀sì Access wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èyí tó ń múra àwa àgbàlagbà sílẹ̀ láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, dá ìwé tí mo kọ nípa ara mi padà fún ìgbà kẹrin. Ìwé yẹn ni yunifásítì máa kà kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n fẹ́ fojú rí mi. Ó ní, "Fúnṣọ́, o dárúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o ò dárúkọ aláìsàn kan ṣoṣo." Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà nínú bọ́ọ̀sì, òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wẹ àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú wọn, tí mo ń bọ́ wọn, tí mo ń bá wọn pa ojú dé nígbà tí wọ́n bá lọ, mi ò sì kọ ọ̀kankan síbẹ̀. Ó ní kí n ra ìwé kan, kí n máa kọ ohun tójú mi bá rí sínú ẹ̀, kí ọwọ́ mi lè yá. Ìwé náà rèé. Pọ́n-ùn kan àti ogójì pẹ́ńsì lọ́jà East Street.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Tiwaladé ọmọ mi ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti oṣù kẹwàá. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló wà níwájú, ìyá ẹ̀ tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ló ń sá tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Ṣẹ́rẹ́

Mo tún ìwé náà kọ. Aláìsàn mẹ́rin, Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan. Victoria ní ó dáa.

Ọjọ́rú, 29 Ṣẹ́rẹ́

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa tilẹ̀kùn. Ní aago méjì ọ̀sán, lẹ́tà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ kọ nípa mi kò tíì sí lórí ìkànnì ìforúkọsílẹ̀. Victoria ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ Ajé, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo pe ọ́fíìsì wọn láti ibi iṣẹ́, nínú yàrá tí a ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí, kí Dávídì ọ̀gá wa má bàa rí mi. Orin ni fóònù wọn ń kọ sí mi létí.

Rahmah ló gbà mí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ, ṣùgbọ́n àwa méjì la jọ máa ń jókòó ní kíláàsì. Ó pọn ọmọ ẹ̀ obìnrin, ó lọ dúró síwájú tábìlì ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá fi lẹ́tà gbogbo àwa tó kù ránṣẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó pè mí.

"Àǹtí Fúnṣọ́, ẹ lọ wò ó. Ó ti wọlé."

Mo wò ó. Ó ti wọlé. Mo jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé

Yunifásítì kan ṣoṣo tí mo yàn ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, aago mẹ́wàá. Mo wo róstà: mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà láti aago méje.

Mo lọ bá Dávídì. Ọmọ Ẹ̀gbá bíi tèmi ni, mo rò pé ìyẹn máa ràn mí lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, róstà ti jáde," ló wí. "Tí mo bá ṣe é fún yín, gbogbo wọn ló máa wá."

"Ọ̀gá, láti ọdún mẹ́sàn-án, ìgbà wo ni mo bẹ̀ yín rí?"

Kọ̀ǹpútà ló ń wò. Kò wojú mi.

Mo fi ọjọ́ Àìkú méjì ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú méjì tí mi ò ní dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run rí mi.

Ọjọ́rú, 26 Èrèlé

Àwọn méjì ló bi mí ní ìbéèrè, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọ́n ní kí ni mo máa ṣe bí aláìsàn bá kọ oúnjẹ. Gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ. Mo kàn sọ̀rọ̀ bàbá kan tó wà ní yàrá kẹfà lọ́dọ̀ wa ní Barking Riverside. Bí a bá ti gbé ṣíbí dé, ó ti pa ẹnu dé pinpin. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé alágídí ni. Èmi ni mo ní kó la ẹnu kí n wò ó, tí mo rí i pé eyín àtọwọ́dá ẹ̀ ló ń gé e lérìgì.

Obìnrin náà dẹ́kun ìkọ̀wé. "Ìwọ lo rí i?"

"Èmi ni, mà."

Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo jáde. Mi ò ṣí agbòjò mi títí mo fi dé ibùdókọ̀ ojú irin.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà

Wọ́n kọ̀ mí.

Wọ́n ní mo ṣe dáadáa nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ní kírẹ́díìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ń fẹ́ nínú bàọ́lọ́jì, mẹ́sàn-án ló wà nínú kọ́ọ̀sì mi. Mo kà á títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Àṣìṣe ni. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú ìwé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún wa lóṣù kẹsàn-án, mo ní in lọ́wọ́, mo ti fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.

Ọjọ́ Ajé, 10 Ẹrẹ́nà

Kì í ṣe àṣìṣe.

Ẹ rántí olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kọkànlá? (Ta ni mò ń sọ fún ná? Èmi nìkan ló ń ka ìwé yìí.) Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò rí ẹlòmíì gbà. Wọ́n yọ apá kan bàọ́lọ́jì kúrò, kírẹ́díìtì mẹ́fà, wọ́n fi ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ rọ́pò ẹ̀. A tiẹ̀ gbádùn ẹ̀! Mo gba máàkì tó ga jù nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé yunifásítì ò ní ka ìyẹn sí.

Mo gbé lẹ́tà náà síwájú Victoria. Ojú ẹ̀ pọ́n, ọrùn ẹ̀ náà pọ́n.

"Wọ́n ní kò ní fa nǹkankan," ló wí.

"Ta ni 'wọ́n'?"

Ó ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ṣe é. Mo ṣì bínú sí i, torí òun ló wà níwájú mi.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà

Rahmah kó àwa mẹ́rìnlá tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì jọ, a lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka náà. Ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ ni. Ó ní kí wọ́n fún wa ní tíì. Ó ní sáfítíkéètì wa ṣì pé, ọgọ́ta kírẹ́díìtì náà ni, ọ̀kan ò dín.

Rahmah ní, "Sà, tí mo bá ra bàtà lọ́wọ́ yín, tí ẹ fi fìlà dípò ẹsẹ̀ kan, ṣé ẹ máa ní ó ṣì pé méjì?" Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo gbọ́.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Tíì náà ti tutù nígbà tí a máa fi rántí mu ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà

Abọ́ tòmátò kan ní East Street ti di pọ́n-ùn kan àbọ̀, ìdajì ẹ̀ sì ti rọ̀. Mo rà á. Mi ò lágbára láti bá ẹnikẹ́ni nájà.

Bàbá Tiwa ní, "Fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Yunifásítì ò ní sá lọ."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọdún tó ń bọ̀ ni a sọ nígbà tí mo lóyún Kúnmi. Ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ní WAEC mi ò tó, kí n lọ tún ìṣírò ṣe bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo lọ, mo ṣe é, mo yege. Adédèjì, ọdún tó ń bọ̀ mélòó ló kù fún mi?"

Orúkọ ẹ̀ gan-an ni mo pè. Mi ò pè é rí láti ìgbà tí a bí Tiwa. Ó dìde, ó lọ nu ọkọ̀, ọkọ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Ẹrẹ́nà

Èsì kò wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo pe yunifásítì fúnra mi. Ìṣẹ́jú àádọ́ta kí wọ́n tó gbé e. Obìnrin tó gbé e fẹ̀sọ̀ gbọ́ mi dópin, ó wá fáìlì mi, ó kà á. Ó ní òun ò lè ṣèlérí. Ṣùgbọ́n tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá lè fi kírẹ́díìtì mẹ́fà náà kún un, tí èsì ẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn kó tó di ọjọ́ kọkànlá oṣù Agẹmọ, òun máa ní kí wọ́n tún ṣí fáìlì mi.

Mo ní kó kọ ọ́ sínú íméèlì. Ó kọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní láíbìrì, ẹ̀dà mẹ́ta: tèmi, ti Rahmah, ti Victoria.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Igbe

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Magdalene, tó jẹ́ àgbà ìyá nínú ìjọ wa, di mọ́ mi nínú sùtánà ẹ̀. "Ìyá Tiwa, ẹ kú oríire o! Tiwa sọ fún ọmọ-ọmọ mi pé yunifásítì mẹ́rin ló gbà á!"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Nígbà tí a délé mo ní, "Tiwaladé. Ìgbà wo?"

"February."

"Oṣù méjì?"

"Mọ́mì, ẹ̀ ń sunkún ní bathroom. What was I meant to say?"

"Ṣé mo ti wá di ẹni tí wọ́n ń fi ayọ̀ ọmọ ẹ̀ pamọ́ fún?"

Kò tán síbẹ̀. Ó ti fẹ́ mú èyí tó sún mọ́lé jù, ó fẹ́ fi Leeds sílẹ̀, Leeds tó ti ń lá àlá ẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ní kí ẹnì kan lè máa lọ mú Kúnmi àbúrò ẹ̀ ní iléèwé tí mo bá wọlé. Mi ò tíì wọlé, ọmọ mi ti ń san owó ẹ̀. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Igbe

Mo sọ fún Tiwa pé Leeds ló máa mú. Ó ní kí n má pariwo. Mo pariwo. Bàbá ẹ̀ dá sí i láti pálọ̀, ohùn jẹ́jẹ́: "Èmi ni màá máa mú Kúnmi. Mo ti bá wọn sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ṣé ariwo ti tó?"

Kò sọ fún mi pé òun bá wọn sọ ọ́. Ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń fi nǹkan pamọ́ rèé.

Ọjọ́rú, 23 Igbe

Kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà! Victoria ló kọ̀wé fúnra ẹ̀ sí àwọn tó ń fọwọ́ sí sáfítíkéètì, láì dúró de ọ̀gá ẹ̀. Àbámẹ́ta márùn-ún nínú oṣù Ẹ̀bìbí, láti aago mẹ́sàn-án di aago mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìdánwò kan. Ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó kéré tán kò ní lè ṣe ìdánwò.

Nínú àwa mẹ́rìnlá, mẹ́jọ péré ló ṣì fẹ́ ẹ. Àwọn yòókù ní ó ti sú àwọn. Mi ò lè bá wọn wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Ẹ̀bìbí

Ọ̀gbẹ́ni Abdullah ló ń kọ́ wa, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Dagenham. Ó ya ọkàn sójú pátákó, ó ní, "Ẹ gbàgbé ìwé. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn yín, ẹ wá ibi tó ti ń lù." Mo mọ̀ ọ́n lójijì. Ohun tí mò ń fọwọ́ wá lọ́rùn àwọn arúgbó láti ọdún mẹ́sàn-án ni!

Ṣùgbọ́n Rahmah kò wọlé. Ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ kì í ṣiṣẹ́ ní Àbámẹ́ta, ó sì gbé ọmọ náà dání. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọmọdé ò gbọdọ̀ wọlé lópin ọ̀sẹ̀, nítorí ìnṣọ́ránsì. Láàárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́, tó fi pọ̀n ọ́n dúró síwájú ọ́fíìsì? Ẹ̀ṣọ́ ní òun ò mọ ìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Ẹ̀bìbí

Aládùúgbò tó ṣèlérí fún Rahmah kò ṣí ilẹ̀kùn. Ó tún pàdánù tòní. Mo fi fóònù ya gbogbo ohun tó wà lójú pátákó fún un.

Mo sọ ọ́ nílé lórí oúnjẹ, mo kàn ń sọ ọ́ kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Bàbá Tiwa ní, "Kó gbé ọmọ náà wá síbí. Kúnmi máa bá a ṣeré." Mo wò ó. Mo bu ẹran kún tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Ẹ̀bìbí

Rahmah wọlé lónìí, òun ló sì kọ́kọ́ dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ó ti ka àwòrán wọ̀nyẹn tán pátá. Nígbà tí a padà délé, ọmọ ẹ̀ ti sùn sí èjìká Bàbá Tiwa, òun náà sì ti sùn.

Ọjọ́ Ajé, 19 Ẹ̀bìbí

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀wé sí Rahmah: ó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, kò lè pé mẹ́rin mọ́, kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Mo gba àkókò oúnjẹ ọ̀sán mi, mo lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka. Mo ní, "Sà, ẹnu ọ̀nà yín ló wà lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó wọlé." Ó ní òfin ni òfin. Mo ní ta ló tẹ òfin lójú lóṣù kọkànlá tí wọ́n yọ bàọ́lọ́jì wa? Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀. Ó ní òun ní ìpàdé.

Victoria bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Abdullah náà bẹ̀ ẹ́. Kò gbà.

Mi ò rántí bọ́ súwẹ́tà mi nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́. Bàbá yàrá kẹfà bi mí pé ṣé òtútù ń mú mi. Ọjọ́ tí oòrùn mú jù lọ́dún yìí ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Ẹ̀bìbí

Ó parí. Yàtọ̀ sí Rahmah, ẹnì kan tún ti fi í sílẹ̀; àwa mẹ́fà ló kù. Mi ò ní ẹni tí mo lè jókòó tì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Òkúdù

Ìdánwò. Ooru bí iná. Wọ́n béèrè iṣẹ́ kíndìnrín, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n béèrè iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, mo mọ ìdajì. Àwọn fèrèsé ò ṣeé ṣí. Mo kọ̀wé títí ìka mi fi kú.

Ọjọ́rú, 9 Agẹmọ

Mo yege. Kírẹ́díìtì mẹ́fà pé. Victoria fi èsì náà ránṣẹ́ sí yunifásítì lójú mi, ó wá gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ yí sí mi kí n lè rí i pé ó ti lọ. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí o gbà mí gbọ́. Mo fẹ́ kí o rí i."

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Agẹmọ

Wọ́n gbà mí. Oṣù kẹsàn-án.

Inú yàrá aṣọ ìdọ̀tí ni mo ti kà á. Mo pe Bàbá Tiwa, ó ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Tiwa pariwo dé ibi tí mo fi gbé fóònù jìnnà sétí. Mo lọ sọ fún Dávídì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa wá gba róstà yín báyìí?" Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò mọ èyí tí mo máa fi sọ́kàn nínú méjèèjì.

Mi ò pe Rahmah. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Mo tún gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Agẹmọ

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Riverside lọ́jọ́ tí mi ò níṣẹ́. Rahmah ń gbé ní àjà kẹrin nínú àwọn ilé tuntun tó wà létí odò. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ láti Longbridge. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo ojú mi.

"Wọ́n ti gbà yín."

"Rahmah, má bínú."

"Àǹtí, tí ẹ bá tún sọ 'má bínú,' màá tilẹ̀kùn mọ́ yín." Omijé kún ojú ẹ̀. Ó fa ọwọ́ mi wọlé. Ó ti se ìrẹsì. Ó bu tèmi kí n tó jókòó.

Ó ní òun ti bá àwọn tó ń fọwọ́ sí sáfítíkéètì sọ̀rọ̀. Òun lè ṣe kírẹ́díìtì mẹ́fà náà pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ní olùkọ́ bàọ́lọ́jì. Ó ti béèrè. Wọ́n ní àwọn ò tíì mọ̀.

"Wọn ò tíì mọ̀," ni mo tún un sọ. Gbogbo ìbínú láti oṣù kẹta dìde nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa mẹ́rìnlá la fẹ́ wọlé. Àwa mẹ́fà la ṣe ìdánwò. Èmi àti ẹnì kan ṣoṣo míì ni wọ́n gbà. Wọ́n sì fẹ́ tún kó àwọn mìíì wọlé lóṣù kẹsàn-án, kí wọ́n fún wọn ní ìwé tó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Rahmah gbé kọ̀ǹpútà wá. A kọ lẹ́tà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀dà sí àwọn tó ń fọwọ́ sí sáfítíkéètì, ẹ̀dà sí aṣòfin tí a dìbò yàn ní Barking. A kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó sọ ọ́. A fi ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ dá Rahmah padà sí i. Ọmọ ẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì, a ń pa á rẹ́. Ọ̀sán ti lọ nígbà tí a parí.

Rahmah kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Mo kọ tèmi: Olúfúnṣọ́ Adéṣínà. Rahmah ní kí a kọ iṣẹ́ wa sábẹ́ orúkọ wa. Mo kọ ọ́: akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì.

Rahmah bẹjú wò ó.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i."